Ààwẹ̀ Ọjọ́rú Tí Mọ́mì Ṣì Ń Gbà Fún Ọ

Ṣọ́ọ̀bù mi, Igbó-Elérin,
Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Ọmọ́wùmí, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ níbi tí o ti jẹun yó, tí ọkàn rẹ sì balẹ̀. Èmi wà. Iná wà ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, ó sì yẹ kí n máa fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mo pa ẹ̀rọ, mo jókòó lórí géètì tí mi ò tíì jó tán, mo mú bírò. Má fòyà, kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, mo sì mọ̀ pé tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ti dá mi lóhùn kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì. Èmi ni o jọ. Lẹ́tà ni èèyàn ò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́nu.

O mọ̀ pé ìwé tí mo kà ò pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa lẹ́yìn Ìlaròó, níbi tí tíṣà kan ṣoṣo ti ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta pọ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà. Tíṣà náà máa ń sọ pé kí a tètè sọ ohun tó gbé wa dé ìdí ìwé, kí ẹni tó ń kà á má baà máa fojú wá a. Ohun tó gbé mi débẹ̀ nìyí.

Ní ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, o pè mí láti Abẹ́òkúta pé o ti ríṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, iṣẹ́ tí o kọ́ gan-an. Mo kúnlẹ̀ sáàárín irin. Kí n tó dìde, o ti ní, “Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ayé ò ṣeé fọkàn tán. Tí wọ́n bá ti kọnfáàmù mi lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a máa sọ ọ́.”

Mo ní, “Mọ́mì ńkọ́?”

O ní, “Mọ́mì náà. Ẹ mọ̀ pé ẹnu wọn kì í gbà á tí inú wọn bá dùn.”

Mo ṣèlérí. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan títí di òní, mi ò sì ní sọ. O mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n, Àbẹ̀kẹ́, Mọ́mì tó gbà ọ́ tọ́ ṣì ń gbààwẹ̀.

Láti ìgbà tí o ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni wọ́n ti ń gba ààwẹ̀ yẹn ní gbogbo Ọjọ́rú, pé kí Ọlọ́run fún ọ níṣẹ́. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rò pé o ò rò ni pé wọn ò lè dá a dúró, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé Ọlọ́run ti dáhùn.

Ní àná, wọ́n ní kí n wá bá àwọn jó ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn tó ti ya. Mo gbé ẹ̀rọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Òkókó. Mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀, òwú ń lọ sí ọ̀tún, abẹ́rẹ́ ń lọ sí òsì.

“Bàbá Wùmí, o káre. Wá bá mi ki òwú yìí. Ojú mi ń ṣú.”

“Mọ́mì, ṣé ẹ ti jẹun?”

“Ọjọ́ wo la wà? Ṣé ẹ̀yin jórinjórin kì í mọ ọjọ́ ni? Ọjọ́rú mà ni. Ààwẹ̀ ọmọ rẹ ni mo wà nínú ẹ̀.”

“Ṣebí dókítà ní kí ẹ má fi ebi pa inú yín mọ́.”

“Ṣé dókítà ló máa fún Wùmí níṣẹ́? Ki òwú, jẹ́ n ríbi ṣiṣẹ́.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi òwú náà ta ẹ̀gbẹ́ ihò abẹ́rẹ́ kí n tó rí i ki bọ̀ ọ́. Ọwọ́ tó ń jó irin pọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ò mọ abẹ́rẹ́ ń mú. Wọ́n wá fa aṣọ funfun kan yọ nínú ọ̀rá. Sùtánà ìjọ wa ni. Wọ́n ní, “Èyí ni Wùmí máa wọ̀ lọ ṣe ìdúpẹ́. Mo ti rán ọrùn, mo ti rán apá. Etí ẹ̀ nìkan ló kù, mi ò sì ní ṣẹ́ ẹ títí iṣẹ́ á fi dé. Mo ti sọ fún Ọlọ́run pé Òun ló ń dá mi dúró.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe máa ń rín in, ọwọ́ lẹ́nu nítorí eyín tó ti yọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹjú mọ́ mi.

“Kí ló dé tí o ò lè wò mí? Ṣé o ti tún lọ bá kọ́sítọ́mà jà ni?”

Mo ní èéfín irin ló wọ̀ mí lójú. Mi ò tíì tan ẹ̀rọ nígbà yẹn. Wọ́n mọ̀ pé mi ò tíì tan ẹ̀rọ. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí a ti sin ìyá rẹ, tí obìnrin yìí fà ọ́ lọ́wọ́ wọ yàrá wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ bí ọmọ inú wọn, irọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa pa fún wọn nìyẹn.

Mi ò bá ọ bínú. Ẹni tó kọ́ ọ ni mò ń bá bínú, èmi sì ni.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. Ìyá rẹ máa ń kọrin. O lè má rántí, nítorí nígbà tí o fi gbọ́njú, mo ti pa orin náà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tí a ń retí rẹ. Yàrá kan la gbà ní Ìbà, nínú ilé tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, Mọ́mì sì wà ní ilẹ̀kùn tó kọjú sí tiwa. Tí ìyá rẹ bá ń fọṣọ nídìí kànga láàárọ̀, orin ọpẹ́ ni, ohùn rẹ̀ á kọjá ògiri. Inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ní abúlé tiwa, tí nǹkan rere bá dé, ńṣe la máa ń bò ó bí ẹni bo iná nínú afẹ́fẹ́. Mo jáde sí i lọ́jọ́ kan.

Mo ní, “Ohùn rẹ ti pọ̀ jù. Ṣé o fẹ́ kí gbogbo Ìbà mọ̀ pé a lóyún ni? Ẹnu òrofó ló ń pa òrofó.”

Ó fi aṣọ sílẹ̀ nínú omi. Ó ní, “Òrofó ń fọ́nnu pé òun bímọ kún ilé. Èmi ń dúpẹ́. Ṣé ọ̀kan náà ni?”

Mo ní, “Ọ̀kan náà ni. Dákẹ́.”

Ó dákẹ́. Olórí líle ni mí, mo rò pé mo ti borí. Nígbà tí a bí ọ, mo pa fèrèsé dé. Lọ́jọ́ ìkómọ, mo bẹ alàgbà pé kó gbàdúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn ará ilé ń gbọ́ igbe ọmọ, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n kí wa tàbí kí wọ́n má kí wa. Mọ́mì nìkan ló kanlẹ̀kùn. Wọ́n yọjú, wọ́n ní, “Ẹ gbọ́, ṣé ọmọ tí ẹ jí gbé ni, tí ẹ fi ń ti fèrèsé mọ́ ọn?” Ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo fi fèrèsé náà sílẹ̀ ní títì.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi tì í. Mi ò tíì ṣí i tí àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi dé, ìyá rẹ sì lọ. Wùmí, gbọ́ mi dáadáa. Mo ti fèrèsé kí ibi má baà rí wa. Ibi ò gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn tí fèrèsé náà dí lọ́nà ni àwọn tí ì bá bá wa yọ̀. Obìnrin kan tó ti gbé inú ilé yẹn fún ọdún mẹ́rin wá kí mi kú ìdárò. Mo ní ìyá rẹ mọ orin kọ púpọ̀. Ó wò mí, ó ní, “Hẹn? Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ohun tí mo ní kí ayé má gbà lọ́wọ́ wa, èmi ni mo gbà á.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbà ọ́ nímọ̀ràn. Màá gbìyànjú láti kà á bí tíṣà wa ṣe kọ́ wa.

Èkíní. Má fi ayọ̀ pamọ́ fún ẹni tó bá ọ sunkún. Mi ò ní kí o gbé e sórí fóònù kí gbogbo ayé máa tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní kí o sọ fún ẹni tó jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ọ ru ẹrù, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ pé o ti sọ ọ́ kalẹ̀, kí òun náà lè na ẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo mọ̀ pé o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́mì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà yẹn, Ọjọ́rú mélòó ló wà nínú ẹ̀?

Èkejì. Ìyá rẹ ló jàre mi nídìí kànga. Ìfọ́nnu àti ayọ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tó ń fọ́nnu ń sọ pé, ẹ wò mí. Ẹni tó ń yọ̀ ń sọ pé, ẹ wá wo ohun tí Bàbá mi ṣe. Ọmọ Ọlọ́run ni ọ́. Tí ọmọ bá gbé oúnjẹ tí bàbá rẹ̀ fún un sá lọ sí kọ̀rọ̀ lọ jẹ, kí ni àwọn tó rí i máa rò? Wọ́n á rò pé ó jí i ni.

Kì í ṣe pé mo ń sọ pé ayé ò burú. Rárá o. Ayé burú, mo ti gbé inú rẹ̀. Àwọn kan wà tí inú wọn kì í dùn sí dídùn inú ẹni. Èmi fúnra mi ti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ẹni tí a jọ kọ́ṣẹ́ ra ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣáájú mi, mi ò lọ bá a gbàdúrà sí i. Mo ní inú ń run mí. Inú ò run mí, Wùmí, inú mi ló burú. Ṣùgbọ́n wò ó, ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Inú burúkú mi ò bà á jẹ́. Èmi tí mo jókòó sílé ni mi ò jẹ nínú búrẹ́dì tí wọ́n pín.

Mo fẹ́ sọ ti ọjà àgbò Alábà Rágò fún ọ kí n má gbàgbé. Ní ọdún tó tẹ̀lé ikú ìyá rẹ, mò ń jó irin ọgbà àgbò fún Hausa kan níbẹ̀. Àgbò rẹ̀ kan já láàárọ̀. Ó wá a lọ títí dé ẹ̀gbẹ́ ògiri bárékè sójà, ó pa gbogbo ọjà tì. Ọ̀sán pọ́n kó tó fà á dé, ẹrẹ̀ dé orúnkún àwọn méjèèjì. Kò tíì wẹsẹ̀ tó fi pe àwọn tó wà nítòsí, ó ra kúnnú, omi ọkà tí àwọn Hausa máa ń mu, fún gbogbo wa. Ó gbé tèmi wá síbi tí mo wà.

Mo ní, “Mi ò mà bá yín wá a.”

Ó ní, “Àbí o fẹ́ kó tún sọnù kí o lè bá mi wá a? Mu kúnnú, jàre.”

Mo mu ún, mo sì rántí ìtàn tí Jésù pa nípa olùṣọ́ àgùntàn. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn láti kékeré, ibi tí àgùntàn ti sọnù nìkan ni mo ń gbọ́. Mi ò gbọ́ ibi tí ọkùnrin náà ti délé tó kó àwọn aládùúgbò jọ pé kí wọ́n bá òun yọ̀. Mùsùlùmí tó ń ta àgbò ló fi kúnnú kọ́ mi ní ìdajì tó kù. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí fèrèsé. O rántí? O bi mí pé ṣé ooru ń mú mi ni.

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ kí ojú rẹ mọ̀ pé inú rẹ dùn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ ìjọ, mo rò pé ẹni tó bá mọ Ọlọ́run gbọ́dọ̀ le lójú. Ìyàwó sójà kan wá gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo dá a lóhùn bí ẹni tí wọ́n gbé wá sí kóòtù. Ó wo sùtánà tí mo fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, “Bùọ̀dá, ṣé òkú lẹ máa ń sin ní ṣọ́ọ̀ṣì yín lójoojúmọ́ ni?” Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára.

Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ níbi iṣẹ́, ẹ̀rù ló ń gbé wọn wá. Ẹni tó na apá sílẹ̀ kí o gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ro ohun tí ìwé máa sọ. Kí i. Pe orúkọ rẹ̀ dáadáa. Bi í léèrè bóyá ó ti jẹun. Kí ẹni tó ń gbálẹ̀ kí o tó tẹ ilẹ̀ tó gbá mọ́lẹ̀. Inú dídùn ló ń mú orí yá, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀rín tìrẹ nìkan ni wọ́n máa rí lọ́jọ́ náà. Má fi ṣe àṣehàn o. Ẹ̀rín tí kò débi ọkàn, aláìsàn máa ń mọ̀ ọ́n.

Tí ọjọ́ ẹkún bá sì dé, sun ún. Nígbà tí ìyá rẹ lọ, àwọn kan ní kí n má sunkún, pé ọmọ Ọlọ́run kì í banú jẹ́. Mo gbọ́ tiwọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lórí. Mọ́mì ló wá jókòó tì mí lórí ẹní tí wọ́n sun ún tí èmi náà sun ún. Lẹ́yìn tí a sun ún tán, wọ́n ní, “Ó yá, dìde, ọmọ rẹ ò tíì jẹun.” Wọ́n dáná, o jẹun, o rẹ́rìn-ín nítorí ẹja tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ, àwa náà rín in. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ohun tí mo mọ̀ nípa ayọ̀ ọmọ Ọlọ́run, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbààwẹ̀ fún ọ lónìí ni mo sì ti mọ̀ ọ́n.

Lẹ́tà yìí ti ń gùn. Ẹni tó ni géètì tí mo jókòó lé ti wá yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó rí ìwé lọ́wọ́ mi, ó rò pé mò ń kọ owó irin tí màá tún gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yára lọ.

Ohun tí mo pinnu nìyí. Mo ti ṣèlérí fún ọ, mi ò ní sọ fún Mọ́mì, ì báà gba oṣù mẹ́fà. Ọmọ mi ni ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ ni, ẹnu rẹ ló yẹ kó ti jáde. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ebi máa pa àgbà obìnrin nítorí ohun tí èmi mọ̀. Nítorí náà, láti Ọjọ́rú tó ń bọ̀, èmi náà yóò máa gbà á. Bí wọ́n bá ṣínu, màá ṣínu. Bí wọn ò bá tíì ṣínu, èmi náà ò ní tíì fi nǹkan kan kan ẹnu, mo sì máa jó irin mi nínú oòrùn bí mo ṣe máa ń ṣe. Má bẹ̀ mí. O mọ̀ pé mi ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ nípa irú nǹkan báyìí.

Bí o bá sì rí ọ̀sán Sátidé gbà níbi iṣẹ́, máa bọ̀. Má kọ́kọ́ wá sílé. Òkókó ni kí o sọ̀ sí. Ra ìrẹsì àti ẹja tí Mọ́mì fẹ́ràn, gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù wọn, gbé e kalẹ̀ síwájú wọn, kí o ní, “Mọ́mì, ẹ jẹun. Ó ti tó.” Má fi àlàyé kún un. Ó máa yé wọn. Wọ́n máa pariwo, gbogbo òpópónà máa gbọ́, àwọn tí o rò pé wọ́n máa ṣe ọ́ níbi máa yọjú láti wá wò ó. Jẹ́ kí wọ́n wá. Bu oúnjẹ fún wọn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n máa fa sùtánà yẹn jáde láti ṣẹ́ etí rẹ̀, òwú á sì tún máa lọ sí ọ̀tún, abẹ́rẹ́ á máa lọ sí òsì nítorí ayọ̀. Pè mí lórí fóònù nígbà náà. Màá pa ẹ̀rọ mi, màá máa bọ̀. Èmi ni màá ki òwú bọ abẹ́rẹ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, màá lè wò wọ́n lójú.

Èmi ni bàbá rẹ, olórí líle, tó fẹ́ràn rẹ ju bí ó ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ.